Yorùbá Ni Ọmọ Ìlọrin Àbí Fúlàní?

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbàgbé ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní, "Ẹ̀yin ará Ìlọrin yìí, ṣé Yorùbá ni yín ni àbí Gàmbàrí?" Mo mọ̀ pé ẹ kò fi ẹ̀gàn bi mí. Ẹ ń gbọ́ tí mò ń sọ Yorùbá ketekete, ẹ ń gbọ́ tí ìyá mi ń kì mí lórí fóònù, ẹ sì tún gbọ́ pé Ẹ́míà ló wà lórí ìtẹ́ ìlú wa, pé Àríwá ni ìjọba kà wá mọ́. Ó yẹ kó rú yín lójú. Ó ń rú àwọn ọmọ tiwa náà lójú. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí ìdáhùn gbólóhùn kan kò lè gbé e.

Yorùbá ni wá. Púpọ̀ nínú wa sì ní baba ńlá tó jẹ́ Fúlàní, Haúsá, Núpé, Kànúrí tàbí Bàrùbá. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Nínú ìwé ìjọba, ará Àríwá ni wá. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó pa èkejì. Ohun tó ń ni wá lára ni pé ẹni tó wà níta máa ń fẹ́ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kó ní ìyẹn ni òtítọ́, kó ní irọ́ ni à ń fi ìyókù pa.

Ọ̀yọ́ Ilé ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí apá Aláàfin ṣì ká ilẹ̀ púpọ̀, Ìlọrin jẹ́ ìlú kan lábẹ́ Ọ̀yọ́, ìran Ládérìn ló sì ń ṣe olórí rẹ̀ láti baba dé ọmọ. Inú ìran yìí ni Àfọ̀njá ti wá. Akínkanjú ni, ó sì jẹ Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tó sọ ọ́ di olórí ogun gbogbo Ọ̀yọ́. Òun àti Aláàfin Aólẹ̀ kò rẹ́. Aólẹ̀ rán an lógun sí Ìwéré Ilé, ìlú ìyá Aláàfin Ajàgbó tó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni kí Kakaǹfò kankan gbógun débẹ̀. Àfọ̀njá àti àwọn ìjòyè ogun mọ̀ pé ikú ni ọba rán àwọn lọ pàdé. Wọ́n yí ogun padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí Aláàfin lọ kú. Aólẹ̀ kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gégùn-ún, ìtàn ègún náà sì wà lẹ́nu Yorùbá títí dòní.

Láti ìgbà náà ni Àfọ̀njá kò ti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó jókòó sí Ìlọrin, ó ń wá agbára kún agbára. Ó ránṣẹ́ sí àlùfáà Fúlàní kan tí wọ́n ń pè ní Ṣéù Àlímì, pé kó wá máa ṣe àdúrà fún òun. Àwọn ẹrú Haúsá tó wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́ pé ẹrú tó bá ti dé Ìlọrin ti bọ́ lóko ẹrú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ní 1817, ọ̀tẹ̀ ti gbiná. Àwọn ẹrú tó di ọmọ ogun Àfọ̀njá yìí ni wọ́n ń pè ní jàmáà. Ní apá kan ìlú, Ṣólàgbérú, Yorùbá olówó tó jẹ́ Mùsùlùmí, kó àwọn Yorùbá tó ń ṣe ẹ̀sìn kan náà jọ sí Òkè Súnà. Ẹ fọkàn sí èyí, ẹ̀gbọ́n mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kí Fúlàní tó gba agbára ní Ìlọrin ni Yorùbá ti ń kírun níbẹ̀. Kì í ṣe idà Fúlàní ló kọ́kọ́ gbé Ìsìláàmù wá bá wa.

Nígbà tó yá, àwọn jàmáà bẹ̀rẹ̀ sí í fagbára kó nǹkan olóhun, ìlú ń ké, Àfọ̀njá sì fẹ́ tú wọn ká. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n kọjú ogun sí i. Ó ké sí Ṣólàgbérú, Ṣólàgbérú kò dìde. Wọ́n pa Àfọ̀njá ní nǹkan bíi 1823 tàbí 1824. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́, Ìlọrin sì bọ́ sábẹ́ àsíá àwọn olórí jíhàádì Sókótó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ṣólàgbérú náà fi kú lọ́wọ́ àwọn tó ti gbè lẹ́yìn, tí Òkè Súnà sì di ahoro.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí fún ọmọdé ni pé Fúlàní fi ẹ̀tàn gba ìlú Yorùbá. N kò ní ẹ̀tàn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló dìtẹ̀ mọ́ ọba Yorùbá, Yorùbá ló ránṣẹ́ pe àlejò, Yorùbá ló káwọ́ gbera tó ń wo Yorùbá nígbà tí ikú dé. Àwọn ẹrú tó jagun níbẹ̀, òmìnira ara wọn ni wọ́n ń jà fún, ta ni yóò sì bá wọn wí lórí ìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn náà pe ẹ̀yà kan ní olóòótọ́, kó pe èkejì ní ọ̀dàlẹ̀, yóò ní láti gbé ìdajì rẹ̀ jù sẹ́yìn.

Ìlú wa pàápàá kò gbàgbé ẹni tó pa. Títí dòní, Ìlọrin Àfọ̀njá ni wọ́n ń kì í. Àtọmọdọ́mọ Àlímì wà láàfin, àtọmọdọ́mọ Àfọ̀njá wà ní ilé Mágàjí Àrẹ, àwọn kan nínú wọn sì kó ẹgbẹ́ jọ tí wọ́n ń béèrè pé kí Yorùbá Ìlọrin ní ọba tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná. Mo gbà pé ìbéèrè wọn yẹ ní gbígbọ́, torí ẹni tó ni ilẹ̀ kí àlejò tó dé kì í gbàgbé ilẹ̀. Mo sì tún mọ̀ pé àwọn ìdílé méjèèjì ti ń fẹ́ ara wọn níyàwó láti ìran dé ìran, débi pé ọmọ tó bá fẹ́ yọ ìkan kúrò lára ara rẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò ti gé e.

Ohun tó tẹ̀lé ikú Àfọ̀njá burú fún ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ní nǹkan bíi 1835 sí 1836, Aláàfin Olúewu bá ogun lọ, Ọ̀yọ́ Ilé sì tú. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù títí tí ogun Ìbàdàn fi ṣẹ́ wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bíi 1840. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn ń fi ìyẹn yangàn, ó sì tọ́ sí yín. Nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láyé ogun wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà dé Brazil àti Cuba. N kò lè sọ fún ọmọ Ọ̀fà tàbí ọmọ Ìgbómìnà tí ilé wọn ṣì ń sọ ìtàn ogun Ìlọrin pé kó gbàgbé rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ kí ó yá mọ́ mi.

Àmọ́ ogun kan náà ló kó Yorùbá kún Ìlọrin. Nígbà tí ìlú àwọn ará Ọ̀yọ́ tú, àwọn kan sá wá síbí ní Ìbàdàn, àwọn kan sá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan sì fi orí lé Ìlọrin. Wọ́n pọ̀ ju gbogbo ẹ̀yà yòókù lọ níbẹ̀, èdè wọn sì gbé èdè àwọn tó di agbára mú mì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ìlú. Balógun mẹ́rin ló wà: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkóbi àti Balógun Àlánámù. Ti Yorùbá ni Àjíkóbi àti Àlánámù. Ẹ kíyè sí i pé olórí àwọn Haúsá àti olórí àwọn Fúlàní, oyè Yorùbá ni àwọn náà ń jẹ. Lábẹ́ àwọn Balógun ni àwọn mágàjí tó ń ṣe olórí agbo ilé wà. Bí ẹ bá bá mi rìn láti Ọjà Ọba lọ dé Ìpàtà, a ó gba iwájú ilé tí baba ńlá wọn ti Gòbìrì wá, a ó gba iwájú ilé Núpé, a ó gba iwájú ilé àwọn tó ti Ọ̀yọ́ Ilé sá wá. Yorùbá ni gbogbo wọn yóò fi kí yín.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní Fúlàní ní Ìlọrin kò gbọ́ èdè Fúlàní rárá. Láàfin, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣèlú. Ọmọ ọba tó lè ka ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àlímì, Yorùbá ló fi ń tọrọ omi, òun náà ló fi ń bínú. Ẹ ní kí n sọ fún yín bóyá Fúlàní ni onítọ̀hún. Ìran baba rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún bi mí bóyá Yorùbá ni. Kí ni kò tíì ṣe tí Yorùbá ń ṣe? Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní orúkọ tó ti inú Kùránì wá, ó ní orúkọ Yorùbá, ó ní oríkì. Ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ilé Àlánámù, ìyá ìyá rẹ̀ lè jẹ́ Núpé.

Àwọn tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ wà nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, igbá-kejì Buhari ní 1983 sí 1985, ẹni tó ní kí gbogbo wa tò sórí ìlà. Babátúndé ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé Fúlàní ni ìran baba rẹ̀. Ẹ rántí Olúṣọlá Saraki, olórí àwọn sẹ́nétọ̀ ní ìgbà ìjọba Ṣàgàrí. Abubakar ni, Olúṣọlá ni, Wàsírì Ìlọrin sì ni oyè tó jẹ. N kò dárúkọ wọn nítorí pé mo fẹ́ràn ìṣèlú wọn. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Mo dárúkọ wọn kí ẹ lè rí i pé orúkọ méjèèjì wà lára èèyàn kan ṣoṣo, tí kò sì ya á sí méjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ì bá rọrùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá la ìlà sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, tí olórí rẹ̀, Goldie, kó lọ, ṣẹ́gun Bídà, wọ́n sì kọjá sí Ìlọrin, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Àríwá sílẹ̀ ní 1900 lábẹ́ Lugard, Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Ibi tí Ẹ́míà bá wà, Àríwá ni lójú tiwọn. Wọn kò bi aláṣọ òfì, wọn kò bi amọ̀kòkò Òkèlèlé, wọn kò bi ẹnikẹ́ni ibi tó fẹ́ wà. Ìlà kan náà ló kó Ọ̀fà, Ìgbómìnà, àwọn Èkìtì kan àti àwọn Òkun ní Kàbà sí Àríwá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí kò ní ìran Fúlàní kankan. Láti Ọ̀fà sí Ìkìrun kò jìnnà rárá. Àríwá ni ọ̀kan, Ìwọ̀-Oòrùn ni èkejì.

Ẹ má rò pé gbogbo ọmọ Ìlọrin ló gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ní àárín àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ kan dìde tí wọ́n ń pè ní Ìlọrin Tálákà Parapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn àwọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Àwọn mìíràn ní Ìlọrin kan náà dúró gbọn-in lẹ́yìn NPC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Àríwá, wọ́n ní Àríwá ni ilé àwọn. Ìgbìmọ̀ Willink tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kékeré ní 1958 gbọ́ ọ̀rọ̀ ààlà náà, wọn kò sì yí i padà. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìlọrin ni apá méjèèjì. Mùsùlùmí ni wọ́n, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun. Ẹni tó ní kí a lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn kì í ṣe kèfèrí, ẹni tó ní kí a dúró sí Àríwá kò sì ṣíwọ́ sísọ Yorùbá.

Ní May 1967, Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní West Central State kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara. Lónìí, Àríwá Àárín Gbùngbùn ni wọ́n kọ Kwara sí. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni ìjọba ń kà fún Yorùbá ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, a kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ máàpù lásán lójú yín, ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé tiyín, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ àbínibí ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun ni wọ́n fi ń pín ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun ni wọ́n fi ń pín ipò. Ọ́fíìsì kan wà ní Abuja tí mo ti lọ fún ọ̀rọ̀ irú rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì wo orúkọ Yorùbá tó wà lórí fọ́ọ̀mù mi, ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé Yorùbá yìí tún fẹ́ wá gba ìpín Àríwá. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní ìpàdé kan tí àwọn Yorùbá ṣe, mo nawọ́ láti sọ̀rọ̀, àgbàlagbà kan ní kí n dákẹ́, pé Gàmbàrí kì í bá Yorùbá dá ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ó dá mi lójú pé àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n sọ.

Bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Ní Kánò, bí a tilẹ̀ gbọ́ Haúsá dáadáa, Bàyarábè ni wọ́n ń pè wá. Ní Èkó, wọ́n á ní Gàmbàrí ni wá. Láti ìgbà tí ìjà darandaran àti àgbẹ̀ ti le ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú tí wọ́n fi ń wò wá ti tún korò sí i, bí ẹni pé ẹni tó ń jẹ́ Gàmbàrí ní Ìlọrin láti nǹkan bí igba ọdún ló kó màlúù wọ oko ẹlòmíràn lánàá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà ti sọ orúkọ Àfọ̀njá di èébú tí wọ́n fi ń bú gbogbo Yorùbá, pé ọ̀dàlẹ̀ ni wá. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Orúkọ tí wọ́n fi ń kì mí nílé ni.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò nídìí ìjà díẹ̀, torí ìjà kọ́ ni gbogbo ayé wa. Ẹ ti gbọ́ orin dadakúàdà rí, ẹ lè má mọ̀ pé òun ni. Odòlayé Àrẹ̀mú ni ẹ máa mọ̀, àti Jáígbadé Àlàó. Abdul-Rasheed Na'Allah, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tó kọ odidi ìwé ní 2009 lórí irú ẹni tí ará Ìlọrin jẹ́, wà lára àwọn onímọ̀ tó tọpa dadakúàdà dé ọ̀dọ̀ iwì eégún. Àwọn ilé tó ń gbé eégún gba Ìsìláàmù, wọ́n bọ́ ẹ̀kú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń kéwì kò pa dé. Bí ẹ bá tẹ́tí sí olórin náà, yóò fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, yóò júbà Ànábì, yóò wá kó sínú oríkì ìdílé bí ọmọ eégún gan-an, yóò sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sójú olówó. Mo fẹ́ràn orin yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé ó ti yanjú nínú ohùn kan ṣoṣo ohun tí àwọn òṣèlú kò tíì yanjú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbéyàwó wa. Kí ìyàwó tó lọ ilé ọkọ, a máa ń ṣe wòlímọ̀tù fún un. Yóò jókòó láàárín àwọn aáfà àti ìdílé, yóò ka Kùránì sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ. Nínú ayẹyẹ kan náà ni àwọn ìyá rẹ̀ yóò ti máa kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí omi yóò máa bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn ẹlẹ́ṣin yóò dé ojú ààfin bí wọ́n ti ń ṣe é ní Àríwá, ìlù tó ń bá wọn rìn yóò sì máa fi Yorùbá pe orúkọ baba wọn.

Ìmọ̀ sì ti ọ̀dọ̀ wa lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn aáfà Ìlọrin ló kọ́ ọ̀pọ̀ baba wọn ní kéwú ní Ìbàdàn níbí, ní Ìwó, ní Ẹdẹ, ní Èkó. Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilori, tí wọ́n bí ní 1917 ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ìwé lórí ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó gbé orúkọ Ìlọrin mọ́ ara rẹ̀ títí tó fi kú ní 1992, ọmọ Yorùbá láti ibi gbogbo sì jókòó níwájú rẹ̀. Bí àwa bá jẹ́ àjèjì, àjèjì ló kọ́ ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ní ẹ̀sìn wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, kò sì rọ̀ mí lọ́rùn. Àwa tí à ń ké pé wọn kò gbà wá, ǹjẹ́ a ń gba ọmọ ìyá wa? Ní 2023, obìnrin kan tó ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan lọ kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ wáyé, pé ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà lórí rẹ̀, ààfin sì fèsì. Ọ̀pọ̀ ará ilé mi dúró lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, mo sì mọ ìdí wọn: wọ́n ní ẹ̀sìn nìkan ló so gbogbo ẹ̀yà inú ìlú pọ̀, pé bí a bá tú u, ìlú yóò tú. N kò fara mọ́ wọn. Àwọn òbí Àfọ̀njá bọ òrìṣà lórí ilẹ̀ yẹn. Dadakúàdà tí à ń jó sí, ìdí eégún ló ti wá. Ọmọ Ìlọrin tó bá ń bọ Ọ̀ṣun lónìí, ọmọ Ìlọrin ni, bí ọmọ Ìlọrin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe jẹ́ ọmọ Ìlọrin. Ohun tí ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn ṣe sí mi ní Abuja ni a ń ṣe sí wọn, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nílé, wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò retí pé kí ẹ fẹ́ràn gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn wa. Èmi náà kò fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ní kí ọmọ kankan gé apá kan ara rẹ̀ sọnù kí ẹ tó fún un ní ìjókòó. Bí ọmọ yín bá mú ọmọ Ìlọrin wálé fẹ́, ẹ má fi ìbéèrè Yorùbá àbí Fúlàní ká a mọ́ ojú pálọ̀. Ẹ bi í ní agbo ilé wọn, ẹ bi í ní orúkọ mágàjí wọn, kí ẹ rán èèyàn lọ wádìí ìwà rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún ọmọ Ìbàdàn.